Kí ẹ tó gbé láptọ́ọ̀pù tuntun tó ń ṣàìsàn wọ mọ́tò

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ìsánlú ni mo ń gbé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ wa: iye kílò kajú tí kálukú gbé wá, iye tó yá, iye tó san padà, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi lo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tí bátìrì rẹ̀ kì í gbé ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ wá dáwó jọ, tí wọ́n ní kí n ra tuntun, irú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń rà fún òṣìṣẹ́ wọn, mo ní wàhálà tán. ₦1,150,000 la san ní Àbújá. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi kú mọ́ mi lójú, orúkọ àgbẹ̀ 64 lórí rẹ̀, láàárín àsìkò kajú.

Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á, mi ò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ẹni tó jìnnà sí Àbújá ṣe lè mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó gbéra. Ẹ wo ọ̀nà náà: láti Ìsánlú, ẹ ó gba Mọ́pà, ẹ ó gba Ayétòrò-Gbẹ́dẹ̀ dé Kàbà, ẹ ó tún bá tírélà sìmẹ́ǹtì du ọ̀nà lápá Ọ̀bàjànà, Lókọ́jà ṣì wà níwájú. Ẹ wá dé ṣọ́ọ̀bù tán, ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ tàn wàì. “Mọ́mì, nǹkan kan ò ṣe é o.” Àìsàn ẹ̀rọ kì í fẹ́ kí dókítà rí òun. Ẹ̀yin lẹ máa mú un.

Ọjọ́ tí ẹ bá tú páálí

Kí ẹ tó fa téèpù ya, ẹ gbé fóònù dúró síbì kan kó máa ya fídíò. Ohun tí a fẹ́ kó hàn ni síríà nọ́ńbà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà. Ó wà lára páálí, ó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, ó sì wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, nínú ojú ìwé tí wọ́n ń pè ní BIOS. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, kí Windows tó yọjú, ẹ máa tẹ F2 léraléra bó bá jẹ́ Dell, F10 bó bá jẹ́ HP, F1 bó bá jẹ́ ThinkPad, BIOS á ṣí. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ti inú bá yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tú u rí, kó ti pààrọ̀ bọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú rẹ̀) tàbí ìdérí, ẹ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà yìí sára rìsíìtì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sára tèmi ni “láptọ́ọ̀pù 1”, bí ẹni ra iṣu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó bá mi rà á ti dé ibùdó ọkọ̀ kó tó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ní kó padà. Ó ní, “Àǹtí, oòrùn ń mú o.” Mo ní kó padà náà ni. Ọpẹ́lọpẹ́ ìrìn yẹn nígbà tó yá.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ bátìrì wò, torí ó ṣòro fún un láti purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ tẹ àmì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Nínú fèrèsé dúdú tó bá yọ, ẹ kọ powercfg /batteryreport, kí ẹ tún tẹ Enter. Á sọ ibi tó tọ́jú ìwé kan sí fún yín, ẹ lọ ṣí i. DESIGN CAPACITY ni ohun tí wọ́n ṣe bátìrì náà láti gbé, FULL CHARGE CAPACITY ni ohun tó ń gbé báyìí, CYCLE COUNT sì ni iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó tán tí wọ́n sì ti rọ iná sí i. Lára tuntun, àwọn méjì àkọ́kọ́ máa ń súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí, ìkẹta á sì kéré gan-an. Tèmi jẹ́ 2. Olùkọ́ kan tí mo mọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́ ra “tuntun nínú páálí” lóṣù kan náà; nígbà tí mo ní kó yẹ ẹ́ wò, 212 ló bá níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti jẹ nínú ẹran kí wọ́n tó gbé egungun fún un.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò

Ẹ má fi iṣẹ́ gidi kankan sí i lọ́sẹ̀ yìí. Ìmọ̀ràn tí èmi fúnra mi ò tẹ̀lé nìyẹn. Ọjọ́ kejì ni mo ti kó ìwé ẹgbẹ́ sí i. Ohun tó kó mi yọ ni pé mo máa ń da ohun gbogbo kọ sínú fíláàṣì lálaalẹ́, àṣà tí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ti kọ́ mi.

Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wo bóyá lẹ́tà kan ń jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi àwòrán funfun bo gbogbo ojú ẹ̀rọ, kí ẹ tún fi dúdú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù bò ó, kí ẹ máa wá kókó tí kò yí padà. Tèmi ní ẹyọ kan, dúdú, bí ojú abẹ́rẹ́, nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ kì í sábà pààrọ̀ ojú nítorí ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n ní iye tó gbọ́dọ̀ pé. Nítorí náà, bó bá dùn yín, ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ni kí ẹ sáré lọ lọ́jọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì. Èmi fi í sílẹ̀. Ẹ la ìdérí díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ibi tó bá le dé, ẹ wò bóyá ojú ń ṣẹ́jú. Ẹ ki nǹkan bọ gbogbo ihò rẹ̀ pátá. Prójẹ́ítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi dán ti HDMI wò. Kámẹ́rà, máìkì, Wi-Fi, ẹ ti mọ ìyẹn.

Àwọn ẹ̀rọ oníṣẹ́ yìí tún ní àyẹ̀wò tiwọn nínú tí kò nílò Windows rárá. Bí ẹ bá ti tan Dell, ẹ tẹ F12, kí ẹ yan Diagnostics. F2 ni ti HP. Àwọn ThinkPad tó dé láìpẹ́, F10. Ẹ jẹ́ kó ṣe é parí.

Ṣé iná ni, àbí ẹ̀rọ?

Ọjọ́ tí tèmi kọ́kọ́ kú, gbogbo ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi ló pariwo “NEPA!” Àwa ti mọ ẹni tí à ń fẹ̀sùn kàn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà: INPUT 100–240V. Iná tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tó léwu ni ìgbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń fò sókè sódò, àti ìgbà tí epo ń tán lọ nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré, tó ń wúkọ́ tó ń pòṣé. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná nígbà méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ọkàn iná balẹ̀ bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó bá ní sitabiláísà, kó lò ó.

Láti mọ̀ bóyá iná ló jẹ̀bi, ẹ yọ ṣájà pátápátá, ẹ lo bátìrì nìkan. Bó bá tún kú lórí bátìrì, NEPA ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú èyí.

Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò tàn rárá, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ di bọ́tìnnì iná mú fún bí 30 sẹ́kọ́ńdì, kí ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá so ṣájà padà. Ó jọ oògùn èké, àmọ́ ó máa ń ṣiṣẹ́, torí iná tó há sínú bọ́ọ̀dù ló ń tú jáde. Bí kò bá tún tàn, ẹ má tíì bínú. Ẹ wo iná wíńwín tó ń ṣẹ́jú. Lára Dell, iná bátìrì máa ń ṣẹ́jú ní àwọ̀ méjì, tí iye rẹ̀ ní ìtumọ̀; lára HP, iná Caps Lock ni ẹ ó wò. Ẹ ya fídíò rẹ̀, ẹ kà á, kí ẹ lọ wá ìtumọ̀ iye náà lórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ó sábà máa ń sọ bóyá RAM ni (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), bọ́ọ̀dù ni, tàbí ojú ẹ̀rọ.

Ẹ̀bi kan wà tó jẹ́ tèmi, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ṣájà bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò. Bí mo bá mí kanlẹ̀ báyìí, iná ti lọ. Mo ti gbà pé ihò rẹ̀ ti bàjẹ́, mo sì ti ń di ẹrù Àbújá. Alẹ́ ọjọ́ náà, mo pa ẹ̀rọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò USB-C náà, mo fi igi ìtayín rọra yọ inú rẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí irin kankan ṣe é. Eruku ọyẹ́ tó ti di pupa ló jáde, ó ti bá òwú àpò di kókó kékeré bí ìdin. Mo ki ṣájà padà, ó dún “kọ́”, ó jókòó. Ìtìjú ni, àmọ́ ó sàn kí ojú tì mí nínú yàrá mi ju kó tì mí níwájú ọmọ Àbújá lọ.

Ẹ tún wo iye Watt ara ṣájà. 65W ni tèmi. Ṣájà fóònù tó jẹ́ 18W lè bọ́ sínú ihò kan náà, kó sì máa tan iná, ṣùgbọ́n bí ẹni ń fi ṣíbí pọn odò ni.

Àrùn tó ń sá pa mọ́

Ikú tí mo ń sọ kò jẹ mọ́ eruku. Bó ṣe máa ń ṣe nìyí: ọfà máòsì tó ń rìn lójú ẹ̀rọ á dúró gbagidi, fáànù á ṣì máa yí, ohùn tó bá ń jáde á há sẹ́nu rẹ̀, “zzzz”, lẹ́yìn náà ni yóò kú. Bí mo bá tún un tàn, ó dáa. Ó lè dáa fún ọjọ́ mẹ́rin.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Kàbà. Ó ṣe àyẹ̀wò RAM bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní RAM dáa. “Ìyá, bọ́ọ̀dù ni. Ẹ mú ₦85,000 wá, màá bá yín tú u.” Mi ò sọ pé ó ń purọ́. Mo dúpẹ́, mo gbé ẹ̀rọ mi, mo sanwó ìwọ̀nba tó ṣe. Ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ wáráńtì, ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ tú u. Àwọn iléeṣẹ́ kan ò bínú bí ẹni tó ni ín bá ṣí ìdérí, wọ́n tiẹ̀ fi ìwé bí a ṣe ń tú u sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ẹni tó tà á fún yín á rí ojú síkúrúù tó ti họ, á sì sọ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Kí lẹ fẹ́ fi jà?

Mo ra ìwé kékeré onílà. Gbogbo ìgbà tó bá kú, mo kọ ọjọ́, aago, bóyá bátìrì ni tàbí NEPA, ohun tó wà ní ṣíṣí, bóyá ara rẹ̀ gbóná. Nígbà tó di ìgbà kọkànlá, mo jókòó ti ìwé náà. Ìgbà mẹ́fà jẹ́ lórí bátìrì, márùn-ún lórí iná: NEPA lọ lómìnira. Mẹ́rin ṣẹlẹ̀ láago mẹ́fà òwúrọ̀, nígbà tí ara ẹ̀rọ tutù nini: ooru náà lọ lómìnira. Ṣùgbọ́n nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ìwé kajú tó tóbi wà ní ṣíṣí, WhatsApp wà ní ṣíṣí, Chrome náà wà ní ṣíṣí. Kò kú rí nígbà tí iṣẹ́ bá fúyẹ́. Níbẹ̀ ni ojú mi ti là: bí RAM bá ní ibì kan tó bàjẹ́, ìgbà tí ẹrù bá pọ̀ ni ẹ̀rọ máa dé ibẹ̀. Bí ilé tí òrùlé rẹ̀ jò ní yàrá ẹ̀yìn ló rí. Ẹ ò ní mọ̀ títí àlejò á fi pọ̀.

(Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ìwé, Windows ń kọ tiẹ̀. Ẹ tẹ àmì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ perfmon /rel. Gbogbo ọjọ́ tó kú ní àmì pupa níbẹ̀. Mo ya àwòrán rẹ̀ kún ẹ̀rí mi.)

Àyẹ̀wò tí oníṣẹ́ Kàbà ṣe ni èyí tí Windows gbé kalẹ̀ bí a kò bá fọwọ́ kan nǹkan: ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń lọ yí ká. Ẹ tẹ àmì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ mdsched, ẹ gbà kó tún ara rẹ̀ tàn. Bí ojú búlúù náà bá ti yọ, ẹ sáré tẹ F1. Ẹ yan Extended dípò Standard, ẹ fi bọ́tìnnì Tab lọ síbi Pass Count, ẹ kọ 0 síbẹ̀, kí ẹ tẹ F10. Òdo yẹn túmọ̀ sí pé kó máa lọ, kó má dúró.

Ilé pásítọ̀ wa tó ní sólà ni mo ti ṣe é, torí bátìrì nìkan ò lè gbé e di òwúrọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́. Yíyí àkọ́kọ́, kò rí nǹkan kan. Ìkejì, kò rí nǹkan kan. Mo sùn sórí àga. Mọ́mì pásítọ̀ ló jí mi nígbà tí wọ́n jí gbàdúrà láago mẹ́rin, wọ́n ní, “Akọ̀wé, ẹ̀rọ yín ti ń sọ̀rọ̀ o.” Lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ Status sí, ó ti kọ ọ́ gbangba pé òun rí àbùkù lára ẹ̀rọ, pé kí n kàn sí iléeṣẹ́ tó ṣe é. Mo gbé páálí tó ní síríà nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé fóònù tó ń fi aago hàn síbẹ̀, mo fi fóònù pásítọ̀ ya fídíò gbogbo wọn pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó tà á

Mo kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp: síríà nọ́ńbà, ọjọ́ tí a rà á, ojú ìwé onílà mi, àwòrán àmì pupa, fídíò. Èsì tó kọ́kọ́ dé ni pé kí n nu Windows kúrò, kí n fi òmíràn sí i. Gbogbo wọn ló ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo fèsì pé àyẹ̀wò yìí kì í dúró de Windows kó tó bẹ̀rẹ̀. Windows ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo fi kún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà fún mi lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó pé, pé mo sì mọ̀ pé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ló ń bójú tó o. Wákàtí kan kò pé. “Mọ́mì, ẹ fi ránṣẹ́.”

Ẹ yẹ wáráńtì yín wò fúnra yín lórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe é. Síríà nọ́ńbà ni wọ́n máa béèrè. Á sọ ọjọ́ tó máa parí, ó sì lè sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tà á. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá láti òkè òkun lè jẹ́ tuntun lóòótọ́ kí wáráńtì rẹ̀ má sì kan Nàìjíríà, nígbà náà, ìlérí ẹni tó tà á nìkan lẹ ní.

Kí ẹ tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ oníṣẹ́ sábà máa ń ti ilẹ̀kùn ìwé inú wọn pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní BitLocker, kódà bí ẹ ò bá tàn án fúnra yín. Bí wọ́n bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ yín mọ́. Á ní kí ẹ mú nọ́ńbà gígùn kan tó ní díjíìtì 48 wá. Láìsí i, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ ṣí cmd bíi ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n kí ẹ yan Run as administrator, kí ẹ kọ manage-bde -protectors -get C: kí ẹ sì da nọ́ńbà gígùn tó bá yọ kọ sínú ìwé. Tèmi wà nínú àpótí irin ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo da gbogbo nǹkan kọ síta, mo sì nu ìwé gbèsè kúrò lórí rẹ̀. Ta ló jẹ ẹgbẹ́ lówó ní Ìsánlú, kí ló kan ará Àbújá níbẹ̀?

Páálí tó bá a wá ni mo fi di òun àti ṣájà rẹ̀, mo fi ìró àtijọ́ wé e, mo fi wébìlì rẹ̀ rán awakọ̀ tí mo mọ̀. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá ti wú, tí pátákó ìfọwọ́tọ́ (ibi tí ẹ ń fi ìka darí ọfà) bá ti ń gbéra sókè tàbí tí ìdérí kò bá pàdé mọ́, kó má fi í sínú ọkọ̀ kankan. Ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, ẹ gbé e síbi tí kò sí aṣọ tàbí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má gún un, kí ẹ pe àwọn tó tà á. Gáàsì ló wà nínú rẹ̀, ó lè gbiná.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà dé. Wọ́n ti yọ RAM àtijọ́, wọ́n fi òmíràn sí i. Mo tún gbé e lọ sílé pásítọ̀, mo fi òdo sí Pass Count fún òru méjì gbáko kí n tó dá orúkọ àgbẹ̀ kankan padà sórí rẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Ìgbà tí mo fẹ́ yọ ọ́ nínú iná láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú sí ṣájà tó bá a padà dé. 45W. Mo ṣí fóònù mi, mo wo àwòrán tí mo yà kí n tó dì í: 65W, pẹ̀lú bébà kékeré tí mo kọ orúkọ mi sí lára okùn rẹ̀. Mo fi àwòrán méjèèjì ránṣẹ́ sí wọn, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ Ìsánlú gbé tèmi dé, bébà náà ṣì wà lára rẹ̀.